Ọmọọṣẹ́ Tí Kò Ní Ọ̀gá: Ìtàn Iṣẹ́ Ìsinmi àti Ìkọ́ṣẹ́ Akẹ́kọ̀ọ́ ní Ilé-iṣẹ́ Ìjọba

Nígbà tí wọ́n ní kí n wá sọ̀rọ̀, mo rò pé ohun tí wọ́n ń retí ni ìtàn ogun tàbí ìtàn ọba, nítorí pé ohun tí ayé mọ òpìtàn mọ́ nìyẹn. Ohun tí mo mú wá kéré ju ìyẹn lọ lójú. Mo fẹ́ sọ ìtàn iṣẹ́ oṣù mẹ́ta: iṣẹ́ tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa ń lọ ṣe ní ilé-iṣẹ́ ìjọba nígbà tí yunifásítì bá wà ní ìsinmi gígùn, àti ìkọ́ṣẹ́ tí ìjọba wá gbé kalẹ̀ fún àwọn kan nínú wọn, èyí tí gbogbo wa ń pè ní áítì lónìí. Ilé tí kò ní ọmọ kan tí ó ti ṣe é rí kò pọ̀ mọ́ ní ilẹ̀ yìí. Bí a bá sì ń sọ̀rọ̀ rẹ̀, ọ̀rọ̀ owó ni a máa ń sọ: owó tí kò tètè dé, owó tí kò tó wọ ọkọ̀. Ọ̀rọ̀ gidi ni. Ṣùgbọ́n ní tèmi, owó kọ́ ni ìdí àrùn náà. Ìbéèrè tí mo fẹ́ béèrè ni pé, nígbà tí ọ̀dọ́ bá wọ ilé-iṣẹ́ ìjọba fún oṣù díẹ̀ láti kọ́ṣẹ́, ta ni ó ni ín? Ta ni ojú yóò tì bí kò bá mọ nǹkan kan nígbà tí ó bá jáde?

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ mú ọ̀rọ̀ àkókò kúrò lọ́nà. Ìsinmi gígùn tí a ń lò, ọwọ́ òyìnbó ni a ti gbà á. Ní ìlú wọn, láti oṣù keje sí oṣù kẹsàn-án ni oòrùn ń ràn dáadáa. Ìgbà náà ni wọ́n ń kórè ọkà wọn, ìgbà náà ni ẹni tí ó bá lówó ń lọ sí etí òkun. Nígbà tí wọ́n dá Yunifásítì Kọ́lẹ́ẹ̀jì sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní 1948, tí ó sì wà lábẹ́ Yunifásítì Lọ́ńdọ̀nù títí di 1962, wọ́n gbé kàlẹ́ńdà náà wá pẹ̀lú gáùn dúdú àti tábìlì gíga. Òjò ni tiwa níhìn-ín. Ní oṣù keje, àgbàdo tútù ti wà lórí iná, iṣu tuntun ń wọlé, oko kòkó sì ń fẹ́ ríro kí ìkórè ńlá tó dé. Baba tí ó rán ọmọ lọ sí yunifásítì ń retí ọwọ́ ọmọ náà lóko ní àkókò náà gan-an. Ọmọ kò sì fẹ́ oko. Mo mọ̀, nítorí pé èmi náà kò fẹ́. Iṣẹ́ ìsinmi ní ọ́fíìsì ìjọba ni ohun kan ṣoṣo tí akẹ́kọ̀ọ́ lè dárúkọ fún baba rẹ̀ tí baba kò fi ní sọ pé ó sá fún iṣẹ́.

Kí a má baà rò pé òyìnbó ni ó kọ́ wa ní iṣẹ́ ìlú tí ó ní àkókò, ẹ jẹ́ kí a wẹ̀yìn díẹ̀. Ní ọ̀pọ̀ ìlú Yorùbá, pàápàá ní Èkìtì àti Ìjẹ̀bú, àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n jẹ́ ẹgbẹ́ kan náà lọ́jọ́ orí ni ìlú ń ké sí láti yẹ ọ̀nà, láti tún ògiri ààfin mọ, láti gbẹ́ ojú odò. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni ògiri ń gbẹ kíákíá, ìgbà náà sì ni ọwọ́ dilẹ̀ lóko. N. A. Fadipe, tí ó kọ iṣẹ́ rẹ̀ lórí àwùjọ Yorùbá fún oyè ọ̀mọ̀wé ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1939, iṣẹ́ tí a kò tẹ̀ jáde títí di 1970, ṣe àlàyé tí ó kún nípa bí àwọn baba wa ṣe ń jùmọ̀ ṣiṣẹ́. Ohun méjì ni mo fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn nípa irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó ní òpin: bí ògiri bá ti dúró, olúkúlùkù a gba ilé rẹ̀ lọ. Ó sì ní olórí tí gbogbo ènìyàn mọ orúkọ rẹ̀, tí ògiri bá wó, òun ni a óò pè.

Ti ìkọ́ṣẹ́ tún ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bí baba bá mú ọmọ lọ bá alágbẹ̀dẹ, ọmọ náà a máa gbé ilé ọ̀gá, a máa pọnmi, a máa gbá ilé, a máa fín ẹwìrì fún ìgbà pípẹ́ kí ó tó fọwọ́ kan òòlù. N kò sọ pé ọ̀run ni. Ọ̀gá mìíràn a máa lo ọmọ bí ẹrú, a sì máa fi ojú iṣẹ́ pa mọ́ fún un kí ó má baà tètè lọ. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn ìgbà tí ọmọ náà bá gba òmìnira, níbikíbi tí ó bá gbé àdá tí kò mú fún oníbàárà, ìbéèrè tí wọn yóò kọ́kọ́ bi í ni pé, ta ni ó kọ́ ọ níṣẹ́? Orúkọ ọ̀gá wà nínú iṣẹ́ ọmọ. Ìtìjú ọmọ ni ìtìjú ọ̀gá.

Nígbà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gba Èkó ní 1861, ohun tí wọ́n nílò jù ni akọ̀wé. Ilé-ẹ̀kọ́ àwọn míṣọ́nnárì ń kọ́ ọmọ láti kà àti láti kọ, ṣùgbọ́n ọ́fíìsì ni ó ń kọ́ wọn ní iṣẹ́. Herbert Macaulay fúnra rẹ̀ gba ọ̀nà yìí. A bí i ní 1864. Ní 1881, nígbà tí kò tíì pé ọmọ ogún ọdún, ó wọ ilé-iṣẹ́ tí ń bójú tó iṣẹ́ òde ní Èkó gẹ́gẹ́ bí akọ̀wé kékeré tí ń to ìwé ilẹ̀ ọba lẹ́sẹẹsẹ. Ìjọba rí i pé orí rẹ̀ pé, wọ́n sì rán an lọ sí Plymouth ní 1890 láti kọ́ iṣẹ́ ẹnjinníà. Ó padà dé ní 1893, ó di awọnlẹ̀ fún ìjọba, ó sì fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ ní 1898. Ohun tí ó ṣe lẹ́yìn náà, gbogbo wa ni a mọ̀ ọ́n. Ohun tí a kì í sábà rántí ni pé nínú yàrá ìwé ilẹ̀ yẹn ni ó ti kọ́kọ́ rí bí ilẹ̀ Èkó ṣe ń ti ọwọ́ ẹnì kan bọ́ sí ọwọ́ ẹlòmíràn. Nígbà tí ó wá gbèjà Olóyè Olúwà lórí ẹjọ́ ilẹ̀ Àpápá títí dé Lọ́ńdọ̀nù, kì í ṣe àjèjì nínú ọ̀rọ̀ ilẹ̀.

Lẹ́yìn náà, àwọn ilé-iṣẹ́ ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí dá ilé-ẹ̀kọ́ tiwọn sílẹ̀. Ilé-ẹ̀kọ́ àwọn awọnlẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Èkó ní 1908, wọ́n gbé e lọ sí Ìbàdàn ní 1927, wọ́n sì tún gbé e lọ sí Ọ̀yọ́ ní 1935, níbi tí ó wà títí di òní. Ti iṣẹ́ àgbẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Moor Plantation ní Ìbàdàn ní 1921. Ilé-iṣẹ́ rélùwéè ní Ẹ̀búté Mẹ́ta ń kọ́ àwọn ọmọọṣẹ́ tirẹ̀ lábẹ́ òrùlé tirẹ̀. Nígbà tí wọ́n ṣí Kọ́lẹ́ẹ̀jì Gíga ti Yábàá ní 1934, àwọn ilé-iṣẹ́ ìjọba gan-an ni wọ́n ń retí àwọn tí yóò jáde níbẹ̀, yálà sí ilé ìwòsàn ni, tàbí sí iṣẹ́ ọ̀nà, tàbí sí iṣẹ́ oko. Ṣùgbọ́n igbákejì ni wọ́n yóò máa jẹ́, ìwé ẹ̀rí wọn kò sì ní iyì kan lẹ́yìn odi. Ìbínú ọ̀rọ̀ yìí wà lára ohun tí ó bí Ẹgbẹ́ Ọ̀dọ́ Èkó ní ọdún 1934 kan náà, ẹgbẹ́ tí ó di Ẹgbẹ́ Ọ̀dọ́ Nàìjíríà ní 1936. Wọ́n jàre. Bí a bá sì fi ojú òpìtàn wò ó, a óò rí i pé ọ̀gá wà nínú ètò náà. Òrùlé ni ó kúrú.

Ìjà láti gbé òrùlé náà sókè ni ó gba gbogbo ọkàn wa fún ogún ọdún tí ó tẹ̀lé e. Ìgbìmọ̀ Hugh Foot jókòó ní 1948, wọ́n sì dá a lábàá pé kí a má gba òyìnbó sí ipò kan níwọ̀n ìgbà tí ọmọ Nàìjíríà tí ó yẹ bá wà. Sydney Phillipson àti Simeon Adébọ̀ tún gbé ọ̀rọ̀ náà yẹ̀ wò ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1950. Láti ìgbà náà, ẹni tí ó bá ti gba oyè yunifásítì lè wọ ipò ọ̀gá láìgba ẹ̀yìnkùlé wọlé. Ohun rere ni. Ṣùgbọ́n nǹkan kan sọnù nínú rẹ̀ tí a kò tètè fura sí. Macaulay to ìwé kí ó tó wọn ilẹ̀. Ẹni tí ó jáde ní yunifásítì ní 1958 lè di ọ̀gá àwọn tí ń to ìwé láìjẹ́ pé ó to ẹyọ kan rí. Ìgbìmọ̀ Ashby, tí wọ́n yàn ní 1959 tí àbọ̀ rẹ̀ jáde ní 1960, fẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì pé 7,500 ó kéré tán tí yóò bá fi di 1970. Ó sì kédàárò pé a fẹ́ràn ìwé ju iṣẹ́ ọwọ́ lọ. Ìwọ̀ Oòrùn kò dúró de ẹnikẹ́ni. Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú akẹ́kọ̀ọ́ 244 ní oṣù kẹwàá ọdún 1962.

Ìgbà yìí ni iṣẹ́ ìsinmi gbilẹ̀. Kò sí òfin kan tí ó dá a sílẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ a mú ìwé lọ sí Sẹkiteríàtì ní Agodi, tàbí kí ó rán ẹni tí ó mọ ènìyàn lọ. Bí wọ́n bá gbà á, a máa ka owó orí, a máa to fáìlì, a máa kọ àdírẹ́sì sí àpò ìwé. Àwọn ará wa tí wọ́n ń kàwé ní ìlú òyìnbó náà ń ṣe irú tiwọn. Ilé-iṣẹ́ ìfìwéránṣẹ́ ọba ní Lọ́ńdọ̀nù àti àwọn ìlú mìíràn a máa gba akẹ́kọ̀ọ́ nígbà Kérésì, nítorí pé káàdì a pọ̀ ju ohun tí òṣìṣẹ́ gidi lè gbé lọ. Ọ̀pọ̀ ẹni tí ó di ọ̀gá ńlá nílé lẹ́yìn náà ti fi èjìká gbé àpò lẹ́tà nínú yìnyín rí. Wọn kì í sọ ọ́ fún akọ̀wé wọn. Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu méjì nínú wọn, lẹ́yìn ìgbà tí wọ́n fẹ̀yìntì, pẹ̀lú ẹ̀rín.

Lẹ́yìn ogun abẹ́lé, ìjọba ológun mú ọ̀rọ̀ náà lọ́wọ́ ara rẹ̀. Òfin kẹtàdínláàádọ́ta ọdún 1971, tí ó jáde ní ọjọ́ kẹjọ oṣù kẹwàá, dá àjọ ITF sílẹ̀ láti máa gba owó lọ́wọ́ àwọn agbanisíṣẹ́ fún ìdánilẹ́kọ̀ọ́ àwọn òṣìṣẹ́. Ní 1973, ITF gbé ètò SIWES kalẹ̀, kí akẹ́kọ̀ọ́ tí ń kọ́ ẹnjinníà àti àwọn iṣẹ́ tí ó fara pẹ́ ẹ lè fi ojú rí ẹ̀rọ kí ó tó gba oyè. Ẹ má ṣe dà á pọ̀ mọ́ ètò àgùnbánirọ̀, tí òfin tirẹ̀ jáde ní ọjọ́ kejìlélógún oṣù karùn-ún ọdún 1973 kan náà: ti àgùnbánirọ̀, lẹ́yìn oyè ni, ìṣọ̀kan orílẹ̀-èdè ni ó sì wà fún, ti SIWES, láàárín ẹ̀kọ́ ni. Èrò náà kò ṣẹ̀ṣẹ̀ dé sí ayé. Ní Cincinnati ní Amẹ́ríkà, Herman Schneider ti ń rán àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ẹnjinníà lọ sí ilé-iṣẹ́ láti 1906, tí wọn yóò wà ní kíláàsì fún sáà kan, tí wọn yóò sì wà nídìí ẹ̀rọ fún sáà kejì. Nílẹ̀ wa, akẹ́kọ̀ọ́ 748 láti ilé-ẹ̀kọ́ gíga mọ́kànlá ni ó bẹ̀rẹ̀ ní 1974. Nígbà tí ó fi di 1978, wọ́n ti tó 5,000, láti ilé-ẹ̀kọ́ méjìlélọ́gbọ̀n.

Àwọn tí wọ́n ti kọ̀wé nípa ètò yìí a máa fo láti 1974 sí 1978, nítorí pé wàhálà owó ni wọ́n ń lé. Èmi fẹ́ dúró ní 1975, ẹ ó sì jọ̀wọ́ dárí jì mí bí mo bá fi ara mi ṣe ẹlẹ́rìí.

Ní oṣù keje ọdún náà ni mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìsinmi tèmi. Ìmọ̀ ìtàn ni mo ń kọ́, nítorí náà SIWES kò kàn mí. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi kan ni ó mú ìwé mi lọ, wọ́n sì gbà mí sí ilé-iṣẹ́ ìjọba kan ní Ìbàdàn tí n kò ní dárúkọ. Wọ́n ní kí n lọ sí yàrá fáìlì. Bàbá kan ni ó ń ṣàkóso ibẹ̀. Ìwé mẹ́fà ni ó kà. Ìgbà ogun Hitler ni ó ti wọ iṣẹ́ gẹ́gẹ́ bí ìránṣẹ́, ó sì ti gun àkàbà náà díẹ̀díẹ̀ dé ibi tí ó gùn ún dé. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ó béèrè orúkọ baba mi àti agboolé wa, lẹ́yìn náà ó ní kí n má ṣe jókòó. Fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko, iṣẹ́ mi kò ju kí n máa gbé fáìlì padà sórí pẹpẹ kí n sì máa ka àkọlé rẹ̀ sókè kí ó lè gbọ́. Mo rò pé ó ń fi mí ṣẹ̀sín ni. Ní ọ̀sẹ̀ kejì mo rí i pé mo ti mọ ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wà ní apá ọ̀tún yàrá náà láìwo ìwé àtòjọ.

Ó wá kọ́ mi bí a ṣe ń fi nọ́ńbà sí ewé kọ̀ọ̀kan, kí ẹnikẹ́ni má baà yọ ọ̀kan láìjẹ́ pé ó hàn. Ó kọ́ mi pé ìdí ni a ti ń ka fáìlì. Ìwé tí ó dàgbà jù ni ó wà nísàlẹ̀. Ẹni tí ó bá ti òkè kà á, yóò rò pé ẹni tí ó kọ̀wé gbẹ̀yìn ni ó dá ìjà sílẹ̀. Mo ti fi ọ̀rọ̀ yìí kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fún ohun tí ó lé ní ọgbọ̀n ọdún. Àwọn kan nínú wọn ti di ọ̀jọ̀gbọ́n. N kò rí i nínú ìwé olùkọ́ kankan tí mo kà nígbà náà. Ní ọ̀sán a máa rán mi lọ ra ẹ̀kọ àti àkàrà, bí mo bá sì dé a bi mí léèrè pé nígbà tí ọ̀gá kan kọ sára ìwé pé kí wọ́n gbé e wá lẹ́yìn oṣù kan, ta ni yóò rántí? Èmi a ní ọ̀gá náà ni. A rẹ́rìn-ín, a fi àtàǹpàkò lu àyà ara rẹ̀.

Ní ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n oṣù keje, ológun gba ìjọba lọ́wọ́ ológun. Láti oṣù kẹjọ ni orúkọ àwọn òṣìṣẹ́ tí a yọ bẹ̀rẹ̀ sí jáde lórí rédíò àti nínú ìwé ìròyìn, àwọn kan nítorí jíjẹ owó ìlú, àwọn kan nítorí ọjọ́ orí, àwọn kan nítorí àìlera tàbí àìmọṣẹ́. Kí ọ̀rọ̀ náà tó rọlẹ̀, ó lé ní 10,000 ènìyàn tí ó lọ jákèjádò orílẹ̀-èdè. Àwọn olè wà nínú wọn, mo mọ ìyẹn. Ìlú pàtẹ́wọ́, èmi náà sì pàtẹ́wọ́ ní oṣù kẹjọ. Ní oṣù kẹsàn-án ni orúkọ Bàbá jáde. Ìwé náà kò sọ ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀, títí di òní n kò sì mọ̀ ọ́n. Ó wá síbi iṣẹ́ ní àárọ̀ ọjọ́ náà, ó kó ife rẹ̀ àti tìmùtìmù rẹ̀ sínú àpò, ó ní kí n má ṣe jẹ́ kí wọ́n kó ti apá ọ̀tún mọ́ ti apá òsì, ó sì lọ.

Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, àgbẹ̀ kan wá láti abúlé kan lọ́nà Ìwó. Títì ìjọba ti gba àárín oko kòkó rẹ̀ kọjá, ó sì ti tó ọdún mélòó kan tí ó ti ń wá owó igi rẹ̀. Orúkọ Bàbá ni ó ń béèrè. Ó ní Bàbá sọ fún òun pé kí òun padà wá ní ìparí oṣù, pé òun ti rí ìwé náà. Mo wá fáìlì náà fún ọjọ́ mẹ́ta. Apá òsì ni ọ̀rọ̀ ilẹ̀ wà, apá ọ̀tún nìkan ni mo sì tíì mọ̀. Ìwé àtòjọ fi hàn pé fáìlì náà wà. Kò sí lórí pẹpẹ tí ó yẹ kí ó wà. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ní ọjọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, fìlà rẹ̀ lórí orúnkún. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kẹta ó kí mi, ó ní, “Ẹ ṣé o, akọ̀wé,” n kò sì rí i mọ́. Ní ìparí oṣù náà, ọ̀gá kan tí kò wọ yàrá fáìlì rí fọwọ́ sí ìwé fún mi pé mo ti kọ́ gbogbo ẹ̀ka iṣẹ́ yàrá náà pátápátá. Mo ṣì ní ìwé náà lọ́wọ́.

Àwọn àgbà ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ní 1974 ìjọba kó ọmọ tuntun wá sí ọjà. Ní 1975 ó kó àgbà kúrò níbẹ̀. N kò sọ pé ìjọba kan náà mọ̀ pé àwọn ètò méjèèjì yóò pàdé. Ọ́fíìsì tí ó ń ka iye akẹ́kọ̀ọ́ kì í ṣe ọ́fíìsì tí ó ń ka iye òṣìṣẹ́ tí a lé. Ṣùgbọ́n àwọn tí a lé nítorí ọjọ́ orí, àwọn ni wọ́n ti pẹ́ jù lọ́wọ́ iṣẹ́; àwọn tí wọ́n sì ṣẹ́ kù rí ohun tí ojú àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn rí. Ta ni yóò tún gba ọmọ ọlọ́mọ mọ́ra, tí yóò fi kọ́kọ́rọ́ àpótí hàn án, nígbà tí kò mọ̀ bóyá ọ̀la yóò bá òun lórí àga? Mo ti bá ọ̀rẹ́ mi kan tí ó ṣe SIWES ní ọdún náà ní ibi iṣẹ́ ìjọba mìíràn sọ̀rọ̀ lórí èyí. Ó ní fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, kò sí ẹni tí ó fẹ́ fọwọ́ sí ìwé àkọsílẹ̀ ojoojúmọ́ òun, nítorí pé kò sí ẹni tí ó fẹ́ kí orúkọ òun wà lórí ìwé kankan.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Ẹrù náà wúwo fún ITF bí iye akẹ́kọ̀ọ́ ti ń pọ̀ sí i, wọ́n sì yọwọ́ ní 1978. Ní 1979 ìjọba àpapọ̀ fi ètò náà lé NUC lọ́wọ́ fún yunifásítì, ó sì fi í lé NBTE lọ́wọ́ fún ilé-ẹ̀kọ́ iṣẹ́-ẹ̀rọ. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1984, wọ́n tún pinnu pé kí ITF gbà á padà. Òfin kẹrìndínlógún ọdún 1985 sì fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé ìjọba àpapọ̀ ni yóò máa san owó rẹ̀. Láàárín ọdún méje, ètò kan bọ́ láti ọwọ́ kan sí ọwọ́ méjì, ó sì tún padà sí ọwọ́ àkọ́kọ́. Bí a bá wo gbogbo àtúnṣe wọ̀nyí, ẹni tí yóò sanwó àti ẹni tí yóò ka iye ni wọ́n ń wá. Wọ́n ṣètò pé kí olùkọ́ ti ilé-ẹ̀kọ́ wá bẹ akẹ́kọ̀ọ́ wò, kí aṣojú ITF wá bẹ̀ ẹ́ wò, kí ẹnì kan níbi iṣẹ́ sì fọwọ́ sí ìwé rẹ̀. Alábẹ̀wò pọ̀. Ẹni tí yóò ní kí ọmọ má ṣe jókòó ni kò sí nínú òfin.

Lẹ́yìn 1986, nígbà tí ètò àtúntò ọrọ̀-ajé dé, ọ̀pọ̀ ibi iṣẹ́ ìjọba kò ní ẹ̀rọ tí ń ṣiṣẹ́ mọ́ tí ọmọ yóò wò. Akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ń lo oṣù mẹ́fà, ti ilé-ẹ̀kọ́ iṣẹ́-ẹ̀rọ ń lo mẹ́rin, púpọ̀ nínú wọn ń fọ́n fọ́tòkọ́pì, wọ́n ń lọ ra káàdì fóònù fún ọ̀gá. Ìtumọ̀ iṣẹ́ àkókò fún ọ̀dọ́ lọ́wọ́ ìjọba náà bẹ̀rẹ̀ sí yí padà. Ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ní 2011, ọ̀dọ́ 20,000 ni ìjọba gbà sí ètò O-YES. Ní 2016 ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ N-Power, tí wọ́n dá dúró ní 2023. Àìríṣẹ́ṣe ni àwọn ètò wọ̀nyí dìde sí, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Owó náà gbé oúnjẹ wọ ilé púpọ̀, n kò sì ní bá ẹni tí ebi ń pa jiyàn. Ṣùgbọ́n òpìtàn gbọ́dọ̀ sọ pé ohun mìíràn ni. Ẹni tí a gbà nítorí pé kò níṣẹ́, a kò ṣèlérí fún un pé yóò kọ́ iṣẹ́.

Láìpẹ́ yìí, ọmọ àbúrò mi kan tí ń kọ́ ẹnjinníà mú Fọ́ọ̀mù 8 rẹ̀ wá hàn mí, ìwé tí agbanisíṣẹ́ àti ilé-ẹ̀kọ́ ń kún ní ìparí SIWES. Ilé-iṣẹ́ ìjọba kan ni ó ti lo oṣù mẹ́fà. Ọ̀gá ẹ̀ka ti fọwọ́ sí i, òǹtẹ̀ sì wà lórí rẹ̀. Mo bi í pé kí ni ó kọ́. Ó ní òun lè tú jẹnẹrétọ̀ palẹ̀ kí òun sì tò ó padà, òun sì ti tún mẹ́ta ṣe láti ìgbà tí òun ti dé ilé. Mo ní ọ̀gá náà ha ni ó kọ́ ọ? Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní rárá o, ẹ̀ẹ̀mejì péré ni òun rí ọ̀gá. Awakọ̀ ilé-iṣẹ́ ni, bàbá àgbàlagbà kan tí ó ku oṣù díẹ̀ kí ó fẹ̀yìntì. Mo tún wo fọ́ọ̀mù náà láti òkè délẹ̀. Àyè wà fún orúkọ ilé-iṣẹ́, fún ọjọ́ tí ó bẹ̀rẹ̀ àti ọjọ́ tí ó parí, fún ipò ẹni tí ó fọwọ́ sí i. Mo bi í pé kí ni orúkọ awakọ̀ náà. Ó sọ ọ́ fún mi, mo sì fi pẹ́ńsù kọ ọ́ sí ẹ̀yìn ìwé náà.